Ara tó ń wú láìyún, tí Piriton kì í ràn: C4 ti já sílẹ̀, kí ló kù ká ṣe kí wọ́n tó yọ eyín?

Apòògùn_Ọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ aláìsàn kan ni kí ẹ bá mi dá sí. Obìnrin ni, ọmọ ọdún 27, ó wọn kílò 62. Láti ọmọ ọdún 11 ni ara rẹ̀ ti ń wú. Lónìí ẹ̀yìn ọwọ́, lóṣù tó ń bọ̀ ètè, nígbà mìíràn ojú ara. Ibi tó wú kì í yún un, kì í sú, bí èèyàn bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, kì í jìn kòtò. Á máa le sí i fún odindi ọjọ́ kan, á wá fúnra rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ 3 sí 4. Inú rírun tó le gan-an, tòun ti èébì, náà máa ń ṣe é. Wọ́n tilẹ̀ ti yọ apẹ́ńdíìsì rẹ̀ nítorí ẹ̀, wọn ò sì rí àbùkù kankan lára apẹ́ńdíìsì ọ̀hún. Bàbá rẹ̀ ń wú bẹ́ẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà ń wú. Gbogbo ìgbà tó bá dé ilé ìwòsàn, hydrocortisone àti promethazine ni wọ́n ń gún fún un, kò sí èyí tó ràn án rí.

Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró tó ní estrogen (họ́mọ́ọ̀nù obìnrin), àtìgbà náà ló ti ń wú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Èsì C4 rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn pùrótéènì ìdáàbòbò inú ẹ̀jẹ̀, jáde: 4 mg/dL. Láàbù ní 10 sí 40 ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni wọ́n fẹ́ yọ eyín erìgì ìsàlẹ̀ kan fún un.

Àyẹ̀wò wo ló kù? Kí la lè fún un kó tó jókòó sórí àga dókítà eyín, nígbà tí oògùn C1 inhibitor kò sí lọ́wọ́ wa? Bí ọ̀fun bá wú lóru ńkọ́?

DókítàAwọ

Ẹ ṣeun tí ẹ to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. C4 tó já tó báyìí, bàbá àti àbúrò tó ń wú, ìwúlé tí kì í yún, inú rírun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ la ikùn lásán: hereditary angioedema, ara wíwú àjogúnbá, ni ẹ gbọ́dọ̀ máa rò títí àyẹ̀wò á fi sọ pé òun kọ́.

Àìsàn ìdílé ni. William Osler kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1888, lórí ẹbí kan ní Amẹ́ríkà tó ti ń ṣe láti ìran márùn-ún. Ó di 1963 kí Donaldson àti Evans tó rí ohun tó dín nínú ẹ̀jẹ̀ wọn: pùrótéènì kan tó ń dá ẹ́ńsáìmù C1 lọ́wọ́ dúró. Òun náà ni C1 inhibitor, mo fẹ́ máa pè é ní adènà C1.

Orúkọ yẹn máa ń ṣi èèyàn lọ́nà, nítorí C1 nìkan kọ́ ló ń dènà. Ó ń ká kallikrein àti factor XII, ẹ́ńsáìmù méjì míì nínú ẹ̀jẹ̀, lọ́wọ́ kò pẹ̀lú, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ara wíwú ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí adènà kò bá tó, kallikrein á máa gé bradykinin jáde lára pùrótéènì kan tó ń jẹ́ kininogen. Bradykinin á mú kí ara òpójẹ̀ kéékèèké là, omi inú ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣe jáde sí abẹ́ awọ. Kò sí histamine, kẹ́míkà tó ń fa ìyún alẹ́jì, nínú gbogbo ìrìn yìí. Histamine ni Piriton àti promethazine ń bá jà, nítorí náà ẹni tí wọ́n ń lé kò sí nínú ilé.

Ìdí kan náà ni kì í fi í yún. Bí ara bá sú, tó wú gbàǹdù gbàǹdù tó sì ń yún, tó sì lọ láàárín wákàtí 24, ọ̀nà ibòmíràn ni kí ẹ gbà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn máa ń fín òrùka òrùka kó tó di pé wọ́n wú. Kì í yún, kì í ga sókè. Lára ẹni funfun pupa ló ń hàn. Lára adúláwọ̀ ó rọrùn kí ojú fò ó. Ẹ bi í bóyá ara rẹ̀ máa ń ṣe é ṣìnṣìn tàbí kó rẹ̀ ẹ́ láìnídìí lọ́jọ́ tó ṣáájú ìwúlé. Ọ̀pọ̀ aláìsàn mọ àmì tiwọn, a kì í sáà bi wọ́n.

Wọ́n ṣírò pé nínú 50,000 èèyàn, ẹnì kan ní in, kò sì yan ẹ̀yà. Bí a bá fi ìṣirò yẹn lé 200 mílíọ̀nù èèyàn lórí ní Nàìjíríà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni. Níbo ni wọ́n wà? Ọ̀pọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wọn tọ́jú alẹ́jì. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú lójijì, wọ́n á ní ó tẹ nǹkan. Èyí tí ètè rẹ̀ bá wú lẹ́yìn oúnjẹ ìnáwó, májèlé ni wọ́n á pè é.

Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí yẹn, ẹ dá a dúró lónìí. Estrogen wà lára ohun tó ń mú àìsàn yìí gbóná jù lọ.

Láàbù_Ìsàlẹ̀

C4 rẹ̀ ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dárúkọ. Lupus, àìsàn tí ìdáàbòbò ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà, ń mú C4 já, àìsàn ẹ̀dọ̀ tó ti jinlẹ̀ náà ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ nínú ooru kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò pàápàá lè fi C4 hàn kéré. Nǹkan méjì ló kù: iye adènà C1 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹ gba méjèèjì pọ̀. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bíi 85 ni iye rẹ̀ dín, tí iṣẹ́ rẹ̀ náà dín. Oríṣi kìíní nìyẹn. Ní 15 tó kù, iye pé, ó tilẹ̀ lè lé, àmọ́ pùrótéènì náà kò wúlò. Ẹni tó bá wọn iye nìkan á sọ fún oríṣi kejì yìí pé ara rẹ̀ le. Iṣẹ́ tó bá wà lábẹ́ ìdá 50 nínú 100 ni à ń wá.

Bí a ṣe ń gbà á ló sábà máa ń ba èsì jẹ́. Fún iṣẹ́ adènà C1, ìgò onídérí búlúù tó ní citrate, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ojú ìlà tí wọ́n fà sára ìgò, nítorí bí ó bá dín, citrate á pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ, èsì á já láìjẹ́ pé aláìsàn ní nǹkan kan. Ẹ dorí ìgò náà kodò jẹ́jẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ má ṣe mì ín bí ẹni ń po ògì. Kí ẹ̀rọ yí i láàárín wákàtí 2, kí ẹ fa omi òkè sínú ìgò oníke míì láìkan ẹ̀jẹ̀ tó sùn sísàlẹ̀, kí ó sì dì ní kíákíá. Ìgò onídérí pupa tó fún C4 àti iye.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí láàbù ìlú míì, inú yìnyín gbígbẹ ni kí ó bá lọ. Omi ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ́ lójú ọ̀nà tí wọ́n tún wá dì, ẹ dà á nù kí ẹ gba òmíràn. Fíríìsà tí iná ń lọ lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ kì í ṣe fíríìsà, kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Bí èsì bá jáde bí a ṣe rò, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù 1 sí 3 kí ẹ tó kọ orúkọ àìsàn náà sínú fáìlì rẹ̀ títí ayé. Estrogen tó ṣì wà lára lè fa iye adènà C1 sílẹ̀, nítorí náà ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló máa fọkàn balẹ̀ jù.

C1q, ẹ̀ka kan lára C1, kò pọn dandan fún un. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́yìn 40 ọdún, tí kò sí irú rẹ̀ nínú ẹbí, la ń wọn C1q fún. Tí òun náà bá já, a jẹ́ pé kì í ṣe àjogúnbá, ẹ wá lymphoma (oríṣi jẹjẹrẹ kan) tàbí àìsàn ẹ̀jẹ̀ míì tó ń jẹ adènà náà run.

Bẹ́ńkì_Ẹ̀jẹ̀

Eyín ni màá fi tèmi sí, nítorí yíyọ eyín wà lára ohun tó ń pa àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ẹran ẹnu tó fara pa súnmọ́ ọ̀fun. Kì í sì í ṣe orí àga níbẹ̀ ló ti máa ń wú. Aláìsàn á ti dé ilé, á ti jẹun alẹ́, kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ohun tó dára jù ni adènà C1 tí wọ́n yọ látinú omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn, yúnìtì 20 fún kílò kan. Kílò 62 jẹ́ yúnìtì 1,240. Ìgò yúnìtì 500 ni púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà ìgò 3 ni ẹ ó ṣí, kí ẹ sì fún un ní gbogbo 1,500. A kì í fi owó tó tó yẹn ṣòfò sí ìsàlẹ̀ ìgò. Mìlílítà 10 omi abẹ́rẹ́ fún ìgò kan. Ẹ yí i po jẹ́jẹ́ títí tí ìyẹ̀fun á fi yọ́ tán. Bí ẹ bá jù ú mì, á hó, pùrótéènì náà á bàjẹ́. Inú iṣan ni, díẹ̀díẹ̀, bíi mìlílítà 4 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sún mọ́ àkókò yíyọ eyín bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Kí òmíràn tó tó ìwọ̀n kan náà wà nílẹ̀.

Ẹ ní kò sí lọ́wọ́. Ó yé mi. Ẹ gba danazol, oògùn oníhóró tó jọ họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe adènà C1 sí i, ìyẹn sì ń gba ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà èyí tí wọ́n bá gbé mì láàárọ̀ kò ní gba ẹnikẹ́ni lálẹ́. Ọjọ́ 5 ṣáájú ni à ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa lò ó títí di ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn rẹ̀. Mílígíráàmù 200 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, 600 lápapọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, kó sì parí ní Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láàárọ̀ ni mo mọ̀ọ́mọ̀ mú. Bí wọ́n bá yọ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, òru Àbámẹ́ta ni ìwúlé máa bọ́ sí, tí dókítà ọ̀fun ti lọ sí òde ìnáwó.

Kí hóró danazol àkọ́kọ́ tó kan ẹnu rẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún. Oògùn yìí ń sọ ọmọ obìnrin inú oyún di bí ọkùnrin. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dá oògùn ìfètòsọ́mọbíbí dúró, ẹ fún un ní rọ́bà ìdáàbòbò.

Fún ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, ẹ tún bá bẹ́ńkì ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa FFP, omi ẹ̀jẹ̀ dídì. Adènà C1 ti ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ wà nínú rẹ̀. Yúnìtì 2 ni a sábà ń fún àgbàlagbà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwọ̀n ara ṣe é, mìlílítà 10 fún kílò kan, ìyẹn 620, ó lè mú un di 3. Kí irú ẹ̀jẹ̀ bára mu. Inú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ní 37 °C ni ẹ ó ti yọ́ ọ, kò gbọdọ̀ gbóná jù bẹ́ẹ̀, nítorí ooru á se pùrótéènì náà bí ẹyin. Okùn dírípù tó ní asẹ́ ni kí ẹ lò.

Ilé ìwòsàn tó ní tíátà àti dókítà tó mọ ọ̀fun ṣí ni kí wọ́n ti ṣe é. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ nìkan ti tó, kò sí ìdí láti ki rọ́bà sí ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó má sùn jìnnà sí ilé ìwòsàn fún wákàtí 48.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀fun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Tranexamic acid, oògùn tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn dúró, wà káàkiri, kò sì wọ́n. Ṣé gíráàmù 1 sínú iṣan kò ní ran ọ̀fun tó ti ń wú lọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì_Pàjáwìrì

Rárá. Bí ìwúlé bá ti bẹ̀rẹ̀, tranexamic acid kò ní dá a dúró, ẹni tó bá sì jókòó tì í ń fi àkókò ṣòfò ni. Ibi tó ti wúlò díẹ̀ ni kí èèyàn máa lò ó lójoojúmọ́ kí ìwúlé lè dín kù, nígbà tí ohun tó sàn jù kò sí: gíráàmù 1 lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí iṣan rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n wá dá Apòògùn lóhùn lórí ọ̀fun, nítorí ọ̀fun ló ń pani. Ó lé ní ìdajì àwọn tó ní àìsàn yìí tí ọ̀fun wọn máa wú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn, kì í sì í ṣe ẹni tó ń wú jù ló máa ń ṣe.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni ohùn. Á nípọn, tàbí kó há. Aláìsàn á ní ó dà bíi pé nǹkan há sí òun ní gògóńgò, itọ́ á ṣòro láti gbé mì, á máa tu ú sínú aṣọ. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí èémí á máa dún fíì-fíì. Nígbà tó bá fi ń dún bẹ́ẹ̀, ihò tó kù kò ju ihò pákó bírò lọ.

Ẹ gbé e jókòó. Ẹ má ṣe dá a dùbúlẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ wo ọ̀fun rẹ̀. Ẹ má sì ki igi pẹlẹbẹ sí i lẹ́nu láti fi tẹ ahọ́n, nítorí ara tó ń wú bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án lẹ̀ ń fi igi gún un yẹn. Ẹ pe dókítà ọ̀fun àti dókítà tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun KÍ Ẹ TÓ lọ wá oògùn. Bí ọ̀rọ̀ bá di pé kí wọ́n ki rọ́bà ìmí sí ọ̀fun, ẹni tó mọwọ́ jù lọ ni kó ṣe é, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí abẹ iwájú ọ̀fun ti wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, pẹ̀lú rọ́bà nọ́ńbà 6, kí wọ́n tó gbìyànjú rárá.

Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ bóyá alẹ́jì ni, ẹ gún adrenaline 0.5 mg sí itan. Kò ní pa á lára, tó bá sì jẹ́ alẹ́jì, òun ló máa gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 tí kò sí ìyípadà, ẹ má ṣe máa ka ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ẹ yí ọkàn yín padà sí bradykinin.

Oògùn tó ń bá bradykinin jà tààrà ni icatibant, 30 mg, mìlílítà 3 nínú síríǹjì tí wọ́n ti fà sílẹ̀. Abẹ́ awọ ikùn ni, ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ ìdodo, lápá kan. Ẹ gún un díẹ̀díẹ̀, kó gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ojú ibẹ̀ á ta á, á sì wú díẹ̀. Kó má já yín láyà. Bí kò bá tó, ẹ tún gún un lẹ́yìn wákàtí 6, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ ní wákàtí 24. Aláìsàn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un fúnra rẹ̀, ohun tó sì dára jù nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé 25 °C ni òpin ooru tó lè fara dà. Inú dúrọ́ọ̀ yàrá wa kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Fíríìjì ni, àmọ́ kò gbọdọ̀ dì. Adènà C1 tí wọ́n dárúkọ lókè náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìwọ̀n kan náà, yúnìtì 20 fún kílò kan.

Bí méjèèjì kò bá sí, FFP yúnìtì 2. Níbí ni kí ẹ ti ṣọ́ra: kininogen tí bradykinin ń jáde lára rẹ̀ wà nínú FFP pẹ̀lú, nítorí náà ó lè kọ́kọ́ mú ìwúlé burú sí i kó tó dá a. Ẹ má ṣe so ó kọ́ níbi tí abẹ ọ̀fun kò sí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ torí pé ohùn rẹ̀ ti là.

Inú rírun ńkọ́? Ara ìfun ló ń wú, omi á rọ́ sínú ikùn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì lè lọ sílẹ̀. Dírípù, oògùn ìrora, oògùn èébì, àti èyíkéyìí nínú àwọn oògùn òkè yẹn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sónó wo ikùn, wọ́n á rí ìfun tó nípọn àti omi tó dá dúró, tí á ti gbẹ lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Kì í sábà ní ibà. Bí ibà bá wà, tí ikùn sì le gbagidi, ẹ pe oníṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ní adènà C1 tó dín náà lè ní apẹ́ńdíìsì tòótọ́, àyàfi ti obìnrin yìí tí wọ́n ti yọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Apòògùn_Ọ̀tà

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí ló kù. Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, lisinopril ló ń lò. Aláìsàn wa fúnra rẹ̀ ní ọmọ oṣù 8. Ó sì fẹ́ mọ ìfètòsọ́mọbíbí tí òun lè lò lẹ́yìn gbogbo èyí.

DókítàAwọ

Lisinopril! Ẹ pe bàbá lórí fóònù kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ́ńsáìmù ACE tí oògùn náà ń dí ló ń fọ́ bradykinin túútúú. Ẹni tí bradykinin ń pọ̀ jù lára rẹ̀, ẹ tún wá gba ohun tó ń gbá a mọ́ lọ́wọ́ ilé. Gbogbo ẹbí rẹ̀ ni: ramipril, enalapril, captopril. Kó má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró lásán o, ẹ jẹ́ kí dókítà rẹ̀ fi amlodipine rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ewu ìwúlé lè ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó bá dá a dúró. Kó yẹra fún sacubitril (oògùn ọkàn kan), kí wọ́n sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fún un ní oògùn àtọ̀gbẹ tí orúkọ rẹ̀ parí sí gliptin.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń tajà oògùn: lisinopril nìkan, láìsí àìsàn ìdílé rárá, ń mú kí ètè àti ahọ́n wú, ó sì ń ṣe adúláwọ̀ ju aláwọ̀ funfun lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí èèyàn ti ń lò ó ní ìrọ̀rùn. Èyíinì, C4 rẹ̀ pé. Ìyàtọ̀ nìyẹn.

Ọmọ náà. Àìsàn yìí kò dà bí SS tó jẹ́ pé bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ jọ gbé e wá. Jíìnì kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó, nítorí náà ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú méjì láti jogún rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin. Èyí tí kò bá jogún rẹ̀ kò ní í fún ọmọ tirẹ̀. Ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, kò tilẹ̀ sí irú rẹ̀ nínú ẹbí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì ṣàyẹ̀wò ọmọ oṣù 8. C4 ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan máa ń kéré lọ́nà ti ẹ̀dá, èsì á kàn dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ ni. Bó bá pé ọdún kan, ẹ gba ìgò méjèèjì. Kó tó dìgbà náà, ẹ kà á sí ẹni tó ní in: bí ètè rẹ̀ bá wú, kí ìyá gbé e, kó sáré. Ṣé ó ń fún un lọ́mú? Bó bá ń fún un, danazol kò ṣeé lò, FFP nìkan lẹ ó gbára lé fún eyín yẹn, tàbí kí ẹ sún un síwájú títí tí adènà C1 á fi dé.

Ìfètòsọ́mọbíbí: ohunkóhun tí kò ní estrogen. Èyí tó ní progestogen nìkan, hóró tàbí abẹ́rẹ́, tàbí ti onírin kọ́pà tí wọ́n ń fi sí ilé ọmọ.

Bó bá di pé ó fẹ́ máa lo nǹkan lójoojúmọ́, danazol kò gbọdọ̀ ju 200 mg lọ, kí ẹ sì máa wo ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ má fi simvastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, pọ̀ mọ́ ọn, ẹran ara á máa yọ́. Kí ẹ sọ fún un ṣáájú pé irun lè hù ní àgbọ̀n, nǹkan oṣù lè dúró, ohùn lè nípọn. Ti ohùn yẹn lè má padà mọ́. Lanadelumab, 300 mg abẹ́ awọ lọ́sẹ̀ méjì méjì, àti berotralstat, hóró 150 mg kan lóòjọ́, sàn jù ú lọ fíìfíì. Owó wọn ni kò jẹ́ ká máa pariwo wọn.

Ẹ kọ káàdì fún un, ojú kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú kejì ní Yorùbá fún ẹni tó bá bá a lọ́nà: "Mo ní àìtó C1 inhibitor. Bí ọ̀fun mi bá wú, kì í ṣe alẹ́jì, kì í ṣe májèlé. Ẹ má fún mi ní àgbo, ẹ má fún mi ní epo pupa mu. Ẹ gbé mi jókòó, ẹ gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín jù." Nọ́ńbà fóònù dókítà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Apòògùn_Ọ̀tà

Mo ti pe bàbá. Obìnrin náà ń fún ọmọ lọ́mú ní alẹ́ nìkan, ó ní òun lè já a. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, danazol á bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ eyín?

Láàbù_Ìsàlẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, kí ìgò búlúù ṣáájú danazol. Bí hóró kan bá ti wọlé, adènà C1 á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, èsì yín á dà rú. FFP náà bákan náà: bí wọ́n bá ti so ó kọ́, adènà ẹlòmíràn lẹ ń wọ̀n. Ẹ kọ ọjọ́ tó dá estrogen dúró sára fọ́ọ̀mù.

Bẹ́ńkì_Ẹ̀jẹ̀

Kó já ọmọ náà tán kó tó di Ọjọ́bọ̀, kì í ṣe kó máa fún un lọ́mú ní jíjí. Kí ẹ sì fi irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí bẹ́ńkì lọ́jọ́ Ajé kan náà, nítorí FFP irú AB kì í sí nílẹ̀ nígbà gbogbo.